Ojú Aago Kì í Ṣe Férémù Fọ́tò: Ẹ̀kọ́ Lórí Yíya Ojú Aago

Nígbà tí ìyá ìyá mi papò dà ní Ọ̀yọ́, mo wà ní ọdún kẹta ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ẹbí pé jọ, wọ́n pín iṣẹ́: ẹni tí yóò ra màlúù, ẹni tí yóò bá àwọn alásè sọ̀rọ̀, ẹni tí yóò lọ wo aṣọ ẹbí. Nígbà tó kan ẹ̀bùn tí a máa fún àlejò, ẹ̀gbọ́n màmá mi yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Àjọkẹ́, ṣebí iṣẹ́ ọnà lò ń kọ́ ní yunifásítì? Ìwọ ni kí o ya ojú aago tí a máa pín."

Inú mi dùn. Mo mú fọ́tò Màmá tí gbogbo wa fẹ́ràn, èyí tí wọ́n ti wé gèlè aṣọ òkè, mo fi sí àárín gbùngbùn òbìrìkítí náà. Mo fi nọ́ńbà aláwọ̀ wúrà yí i ká. Mo kọ orúkọ wọn sókè, mo kọ "Ó dàárọ̀" sísàlẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ó dára débi pé màmá mi sunkún nígbà tí wọ́n rí i. Ilé ìtẹ̀wé tẹ 120 jáde gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fi ránṣẹ́ gan-an.

Lọ́jọ́ kẹrin lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá, ìyẹn ẹ̀gbọ́n màmá mi náà, pè mí sí yàrá wọn. Aago wà lórí tábìlì, kò sí lára ògiri. Wọ́n ní, "Ọjọ́ kan péré ni mo gbé e kọ́. Wo ibi tí o ní kí wọ́n dá ihò sí." Mo wò ó. Ihò tí ọ̀pá ọwọ́ aago gbà jáde wà láàárín imú Màmá. Bàbá fi ìka yí ọwọ́ aago náà. Ní aago mẹ́fà géérégé, ìlà dúdú kan gba iwájú orí wọn wá sí àgbọ̀n, bí ẹni la ojú wọn sí méjì. Ní aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú 15, ìlà náà gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan lọ sí èkejì. Bàbá ní, "Ní wákàtí-wákàtí ni ọwọ́ yìí ń gbá ìyá mi lójú, Àjọkẹ́. Ṣé kí n máa wò ó ni?"

N kò rí èsì fọ̀. Ìgbà tí mo ń yà á, n kò ya ọwọ́ kankan sí i. Fọ́tò ni mo yà, aago kọ́. Àṣìṣe yẹn ló mú kí n kọ ẹ̀kọ́ yìí fún ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ni ẹbí, ìjọ tàbí ẹgbẹ́ máa tó gbé irú iṣẹ́ yìí fún.

Iṣẹ́ tí ojú aago ń ṣe

Yorùbá ti ṣe àlàyé náà tán nínú orúkọ. A pe pẹpẹ tó kọjú sí wa ní ojú aago, a sì pe irin tó ń yí lórí rẹ̀ ní ọwọ́. Ẹni tó bá ń ya ojú aago gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọwọ́ kan wà tí kò ní í sinmi lórí iṣẹ́ òun. Férémù fọ́tò kò ní irú ìyọnu yìí. Bákan náà ni káàdì ìpè àti páálí kàlẹ́ńdà. Lórí aago nìkan ni nǹkan mìíràn ti ń rìn kọjá lórí àwòrán wa tọ̀sán-tòru.

Ohun mẹ́rin ni ojú aago kò gbọ́dọ̀ ṣe aláìní. Àkọ́kọ́ ni àárín gbùngbùn, ibi tí ọ̀pá ọwọ́ gbà jáde. Èkejì ni àmì wákàtí, ìbáà jẹ́ nọ́ńbà tàbí ìlà. Ẹ̀kẹta ni ìlà ìṣẹ́jú tó yí etí ká. Ẹ̀kẹrin ni àyè tó ṣófo láàárín àwọn wọ̀nyí, tí ojú ẹni fi ń rí ọwọ́ aago yàtọ̀ sí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń ka ẹ̀kẹrin yìí sí ilẹ̀ tí kò lólówó, a sì máa ń fẹ́ gbin nǹkan sí i. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ yẹn lólówó. Ọwọ́ aago ló ni ín.

Gígùn ọwọ́ náà ṣe pàtàkì. Ó yẹ kí ọwọ́ gígùn dé ibi tí ìlà ìṣẹ́jú wà, kí ọwọ́ kúkurú sì dé ẹsẹ̀ nọ́ńbà wákàtí. Tí a bá ra ọwọ́ tó kéré ju ojú aago lọ lọ́jà, ọ̀rọ̀ á di ti ọwọ́ ọmọdé tí kò tó pẹpẹ. Ọwọ́ náà á máa nà sí ibi kan, ẹni tó ń wò ó á máa méfò bóyá ìṣẹ́jú 22 ni tàbí 24.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Òbìrìkítí ní 360 dígírì. Ọwọ́ gígùn ń yí i po lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan, nítorí náà ó ń rin 6 dígírì ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ kúkurú ń fi wákàtí 12 yí i po: 30 dígírì ní wákàtí kan, ìdajì dígírì ní ìṣẹ́jú kan. Láàárín wákàtí 12, ìgbà 11 ni ọwọ́ méjèèjì ń gun orí ara wọn, ìyẹn ìgbà 22 lójúmọ́.

Ẹ wá fi èyí wo aago Màmá. Àwòrán tó bá wà láàárín gbùngbùn kò ní ìṣẹ́jú kan tí ọwọ́ kò fi sí lórí rẹ̀. Láti òru dé òru, kò sí ìsinmi fún un.

Ká ní aago ògiri náà fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà láti etí kan sí èkejì. Ẹ gbé àwòrán kúrò láàárín, kí ẹ gé e ní róbótó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 6 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi sí ìsàlẹ̀, láàárín ọ̀pá àti nọ́ńbà 6, kí àárín àwòrán náà jìnnà sí ọ̀pá ní 6 sẹ̀ǹtímítà. Tí ẹ bá fa ìlà láti ọ̀pá kí ó kan ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ óò rí i pé 60 dígírì ló wà láàárín ìlà méjèèjì, láti ibi nọ́ńbà 5 dé ibi nọ́ńbà 7.

Kí ni èyí túmọ̀ sí? Ìṣẹ́jú 25 sí 35 nìkan ni ọwọ́ gígùn máa fi kọjá lórí àwòrán náà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú 10 ni. Tí a bá ṣe é ní ìgbà 24, ó jẹ́ wákàtí 4 lójúmọ́. Ọwọ́ kúkurú máa wà lórí rẹ̀ láti aago márùn-ún sí aago méje, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́: wákàtí 4 náà nìyẹn. Ìṣẹ́jú 40 wà nínú rẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ wà níbẹ̀, tí a kò gbọ́dọ̀ kà lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 20 ni nǹkan fi ń kan àwòrán náà lójúmọ́. Wákàtí 16 àti ìṣẹ́jú 40 tó kù, ojú Màmá mọ́ kedere. Ohun kan ṣoṣo tí a sì ṣe ni pé a sún fọ́tò.

Tí ọwọ́ kẹta bá wà, èyí tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá, òun náà máa kọjá lórí àwòrán fún ìṣẹ́jú àáyá 10 nínú ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Lórí aago ìrántí, kò sóhun tí a fẹ́ fi í ṣe. Ẹ yọ ọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀tàn kan. Nínú ìpolówó aago, ẹ óò rí i pé wọ́n sábà máa ń yí ọwọ́ rẹ̀ sí nǹkan bí aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 10. Ọwọ́ kúkurú á wà ní 305 dígírì, ọwọ́ gígùn á wà ní 60, àwọn méjèèjì á na apá sókè, orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ sábẹ́ 12 á sì hàn láàárín wọn. Ìdúró tó dára jù fún fọ́tò nìyẹn. Ẹni tó bá fi ìdúró yẹn nìkan dán ojú aago rẹ̀ wò ti tan ara rẹ̀ jẹ. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni kí ẹ fi dán àwòrán tó wà nísàlẹ̀ wò, torí ìgbà náà ni ọwọ́ méjèèjì jọ máa dé bá a.

Àwọn tó ń ta aago olówó iyebíye náà bá ìṣòro yìí pàdé

Ẹnì kan lè ní ọ̀rọ̀ aago òde àríyá nìyí, tí kò kan àwọn ọ̀gá iṣẹ́ aago. Ó kàn wọ́n. Ní Geneva, ní orílẹ̀-èdè Siwitsaláńdì, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Vacheron Constantin. Ọdún 1755 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Láàárín 2007 sí 2009, wọ́n ṣe ọ̀wọ́ aago ọwọ́ kan tí wọ́n sọ ní Les Masques, ìyẹn "Àwọn Ìbòjú" lédè Faransé. Wọ́n mú ìbòjú 12 nínú àkójọ mùsíọ́mù Barbier-Mueller, tó wà ní Geneva níbẹ̀, láti oríṣiríṣi apá ayé. Ọ̀kan nínú wọn wá láti Kóńgò. Lọ́dọọdún, ìbòjú mẹ́rin ni wọ́n lò, wọ́n sì ṣe ìdì 25, aago mẹ́rin nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: aago 300 péré ni, kò sì ní í lé sí i mọ́.

Wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ lésà wọn gbogbo kọ́rọ́ ìbòjú náà, wọ́n ṣe àwòkọ rẹ̀ ní kékeré pẹ̀lú wúrà, oníṣọ̀nà sì fi ọwọ́ fín èyí tó kù. Wọ́n fẹ́ kí ìbòjú yìí wà láàárín gbùngbùn ojú aago, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ṣe fẹ́ kí Màmá wà níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n béèrè ohun tí èmi kò béèrè: ọwọ́ ńkọ́? Tí ọ̀pá bá gba imú ìbòjú jáde, iṣẹ́ oníṣọ̀nà ti bàjẹ́.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n yọ ọwọ́ kúrò pátápátá. Aago náà kò ní ọwọ́ kankan. Fèrèsé kékeré mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀. Àwo pẹlẹbẹ mẹ́rin ń yí lábẹ́ wọn: ọ̀kan ń fi wákàtí hàn, èkejì ìṣẹ́jú, ẹ̀kẹta ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, ẹ̀kẹrin ọjọ́ inú oṣù. Ìbòjú jókòó láàárín, kò sóhun tó ń kọjá lójú rẹ̀. Michel Butor, òǹkọ̀wé ará Faransé, kọ ọ̀rọ̀ fún wọn, wọ́n sì fi lẹ́tà wúrà tó kéré gan-an tẹ ọ̀rọ̀ náà sára gíláàsì. Ó dìgbà tí ẹni tó ni aago bá yí ọwọ́ rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ kí lẹ́tà náà tó yọ. Ẹ kíyè sí i: àní ọ̀rọ̀ pàápàá, wọn kò jẹ́ kó dí ìbòjú náà lójú.

Ó ní ohun tó ná wọn. Ọwọ́ aago rọrùn láti kà. Ènìyàn lè wò ó láti òdìkejì yàrá, kó ti mọ̀ pé aago mẹ́rin ku díẹ̀ ni. Nọ́ńbà inú fèrèsé kékeré ń fẹ́ kí a sún mọ́ ọn. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yàn pé nínú iṣẹ́ yìí, ojú ìbòjú ló ṣe pàtàkì ju kíka àsìkò kíákíá lọ. Ìyàn ni. Ohun tí kò dára ni kí ènìyàn má mọ̀ pé òun ń yàn. N kò yan nǹkan kan nígbà tí mo ya ojú aago Màmá. Mo kàn gbé fọ́tò síbi tó ṣófo.

Àwa náà kò lè fi àwo mẹ́rin rọ́pò ọwọ́ nínú aago oníbátìrì tí a ń rà lọ́jà. Ṣùgbọ́n a lè béèrè ìbéèrè kan náà kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí igbá Ọ̀yọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Bàbá, mo lọ bá bàbá kan tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́, kí n lè ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi lórí ojú aago. Gbogbo wa mọ̀ pé Ọ̀yọ́ lórúkọ nínú igbá fínfín. Igbá tó ti gbó ni wọ́n ń là sí méjì, wọ́n á ha inú rẹ̀ kúrò, á gbẹ, kí ọ̀bẹ tó kàn án. Mo ti rí igbá fínfín láti kékeré, ṣùgbọ́n n kò tíì wò ó gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wá bí a ṣe ń pín òbìrìkítí.

Mo kọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Èkíní, bàbá náà kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọnà. Ó kọ́kọ́ fa ìlà. Ó fa ọ̀já kan yí etí igbá ká, ó fa òmíràn sókè, ó wá pín àárín wọn sí apá tó dọ́gba. Ìgbà tí gbogbo apá ti mọ ààlà rẹ̀ ni alángbá tàbí ẹyẹ tó wọlé. Ọ̀já etí igbá yẹn ni ìlà ìṣẹ́jú lórí aago. Kò sí ẹyẹ tó gbọ́dọ̀ fò wọ inú rẹ̀.

Èkejì, ibi tí wọn kò fín ló ń gbé ọnà jáde. Ọ̀bẹ máa ń há ẹ̀yìn ọnà kúrò, á funfun, ara igbá tó kù á wá yọ pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá fín gbogbo rẹ̀ tán, ojú kò ní í rí nǹkan kan mú. Nọ́ńbà aláwọ̀ wúrà tí mo tẹ̀ sórí aṣọ òkè aláwọ̀ wúrà kò yàtọ̀ sí igbá tí wọ́n fín tán: àwọn àgbà tó wá sí òde wa kò rí nọ́ńbà náà kà láti orí àga wọn.

Ẹ̀kẹta ni ìbéèrè tí bàbá náà bi mí nígbà tí mo ní kó bá mi fín ọmọrí igbá kan. Ó ní, "Ibo lọwọ́ máa gbà mú un?" Mo rò pé eré ló ń ṣe. Ó ní rárá, igbá tí ènìyàn fẹ́ máa ṣí, kí ó sì máa dé, kò dára kí ọnà tó jinlẹ̀ wà níbi tí ìka ń dì mú lójoojúmọ́. Á tètè há. Ọwọ́ ni òun máa ń kọ́kọ́ rò, kí òun tó ro ọnà. Mo rántí ihò imú Màmá, ojú tì mí.

Fún ẹ̀yin tó fẹ́ lo ọmọrí igbá fúnra rẹ̀ bí ojú aago, ẹ kíyè sí ìtẹ̀kọrọdọ rẹ̀. Tí ẹ bá lo ẹ̀yìn rẹ̀ tó yọ síta, ọwọ́ aago kò ní í há mọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n etí igbá máa jìnnà sí orí ọwọ́ náà, ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ á ṣi àsìkò kà. Ẹ mú àmì wákàtí wá sínú, sún mọ́ òkè. Tí ẹ bá lo inú rẹ̀ tó jin, ẹ gé ọwọ́ kúrú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa ha ara igbá, aago á sì dúró.

Kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé

1. Ẹ fi kọ́ńpáàsì fa òbìrìkítí, kí ẹ sì sàmì sí ibi ọ̀pá kí ẹ tó gbé àwòrán kankan wọlé.
2. Ẹ wọn ọwọ́ aago tí ẹ máa lò gan-an, kì í ṣe èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ fa ìlà ìṣẹ́jú síbi tí ọwọ́ gígùn dé.
3. Ẹ pinnu ohun tó ṣe pàtàkì jù: ojú ènìyàn ni, tàbí kíka àsìkò? Tó bá jẹ́ méjèèjì, ẹ gbé àwòrán kúrò láàárín.
4. Ẹ gé ọwọ́ méjì láti inú páálí, ẹ fi pín-ínnì kàn án mọ́ ìwé tí ẹ tẹ̀, kí ẹ yí i sí aago 12, aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú 15, aago mẹ́fà, àti aago mẹ́fà ààbọ̀. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwòrán nígbà kọ̀ọ̀kan.
5. Ẹ gbé e sára ògiri, kí ẹ ní kí àgbàlagbà kan kà á láti òdìkejì yàrá. Tó bá bi yín pé, "Aago mélòó ló wà níbẹ̀ yẹn?", ẹ padà sídìí iṣẹ́.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí a tẹ ojú rẹ̀ sára aago kò lè yíjú kúrò nígbà tí ọwọ́ bá ń bọ̀. Àwa tí a fi í síbẹ̀ ni kí a bá a yẹ̀ ẹ́.

Mo ṣe òmíràn fún Bàbá. Màmá wà nísàlẹ̀, kékeré, láàárín ọ̀pá àti nọ́ńbà 6. Ọ̀já igbá Ọ̀yọ́ kan yí etí rẹ̀ ká, àárín rẹ̀ sì funfun, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bàbá gbà á, wọ́n yí ọwọ́ rẹ̀ fúnra wọn fún ìgbà díẹ̀, wọn kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo padà wá lọ́dún Iléyá, ó wà lókè ẹnu ọ̀nà pálọ̀ wọn.

119 tó kù wà káàkiri ilé àwọn èèyàn wa, ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìbàdàn. N kò lè lọ gbà wọ́n padà. Tí mo bá wọ ilé ẹnì kan tí mo sì bá ọ̀kan lára ògiri, mo máa ń kọ́kọ́ wo ibi tí ọwọ́ wà kí n tó kí onílé.